Ilé Là Á Wò Ká Tó Sọ Irúgbìn Lórúkọ: Bí A Ṣe Ń To Irú Igbó Ìbílẹ̀

Ìbéèrè: Mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú irúgbìn ti yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ìwé àṣẹ ìjọba sì wà lọ́wọ́ wa. Wọ́n gbé páálí kan fún mi, àpò irúgbìn igbó (cannabis) 63 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ "indica" sára àwọn kan, wọ́n kọ "sativa" sára àwọn kan, orúkọ ibi ló sì wà lára àwọn yòókù: Ketama (ní Morocco), Mazar-i-Sharif (ní Afghanistan), Idukki (ní Íńdíà), Malawi. "Nigeria" lásán ló wà lára méjì. Ọ̀gá mi ní kí n tò wọ́n ní irú-irú kí a lè tọ́jú wọn gẹ́gẹ́ bí irú ìbílẹ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé òótọ́ ni pé ewé fífẹ̀ ni indica, ewé tẹ́ẹ́rẹ́ ni sativa?

Ìdáhùn: Ẹ bẹ̀rẹ̀ lára àwọn àpò tí orúkọ ibi wà lára wọn, kí ẹ sì pa "indica" àti "sativa" tì ná. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú páálí yẹn, orúkọ ibi nìkan ni kò ní àtúnṣe tó bá sọnù. Bí ẹ bá ṣi ewé wọ̀n lónìí, ẹ lè gbin òmíràn kí ẹ tún un wọ̀n. Bí àyẹ̀wò oje bá kùnà, ẹ lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí àpò Idukki bá tú mọ́ ti Malawi, kò sí ẹ̀rọ tó máa bá yín ṣà wọ́n padà pẹ̀lú ìdánilójú. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé irúgbìn sì ni ilẹ̀ tí wọ́n ti ká a.

Ní ti ewé, rárá, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dojú rú, torí òun gan-an ló ń ba irú iṣẹ́ yín jẹ́ jù. Ní 1753, Carl Linnaeus ará Sweden sọ igbó tó mọ̀ ní Cannabis sativa. Igbó okùn ni, irú tí wọ́n ń gbìn káàkiri Yúróòpù fún okùn àti aṣọ ìgbòkun. "Sativa" kò ju "èyí tí à ń gbìn" lọ nínú èdè Látìn. Ní 1785, Jean-Baptiste Lamarck ará Faransé rí igbó gbígbẹ tó ti Íńdíà wá. Òórùn rẹ̀ le, èèpo ara igi rẹ̀ kò ṣe é fi ṣe okùn, ìka ewé rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ó sọ ọ́ ní Cannabis indica, ìyẹn "ti Íńdíà". Ẹ kíyè sí i dáadáa: tẹ́ẹ́rẹ́ ni ewé indica ti Lamarck. Igbó kúkúrú eléwé fífẹ̀ tí ayé ń pè ní indica lónìí, Afghanistan ni ilé rẹ̀, Lamarck kò sì fojú kàn án. Nikolai Vavilov ará Rọ́ṣíà ló kọ nípa rẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ewéko ará Amẹ́ríkà, tí Richard Schultes ṣáájú wọn, rí igbó Afghanistan yìí, wọ́n ní òun ni indica. Àwọn oníṣòwò gba orúkọ náà, wọ́n gbé e lọ sọ́jà. Igbó gíga eléwé tẹ́ẹ́rẹ́ ti Íńdíà, Thailand àti Colombia kò wá rí orúkọ jẹ́ mọ́, ni wọ́n bá ń pè é ní "sativa".

Bó ṣe di pé "sativa" ti ọlọ́jà ni indica ti Lamarck nìyẹn, tí "indica" ti ọlọ́jà jẹ́ ti Afghanistan, tí sativa ti Linnaeus gan-an sì jẹ́ igbó okùn tí ẹnikẹ́ni kì í fà. Wọ́n pe Kẹ́hìndé ní Táíwò, wọ́n wá lọ yá orúkọ aládùúgbò fún Táíwò. Kò tán síbẹ̀ o. Láti bí àádọ́ta ọdún ni wọ́n ti ń gun àwọn méjèèjì mọ́ra wọn, débi pé nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Kánádà yẹ DNA igbó wò, tí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2015, wọ́n rí i pé orúkọ tí wọ́n fi ń ta igbó kì í sábà bá ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu. Nítorí náà, "indica" tó wà lára àpò kò sọ ju pé ẹni tó kọ ọ́ ti gbọ́ èdè ọjà. Ọ̀rọ̀ "strain" náà, kò sí lára ipò tí òfin àgbáyé lórí orúkọ ohun ọ̀gbìn gbà láàyè.

Kí ni irú ìbílẹ̀ gan-an? Ẹ rántí àgbàdo tí àwọn ìyá wa ń so kọ́ òkè ààrò kí èéfín lè lé kòkòrò fún un, tí wọ́n á sì já a lọ sóko nígbà òjò àkọ́rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò rà á ní ilé iṣẹ́ irúgbìn. Ilẹ̀ ibẹ̀, òjò ibẹ̀ àti ọwọ́ àgbẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n jọ mọ ọ́n fún ìran mélòó kan. Bẹ́ẹ̀ ni igbó ìbílẹ̀ ti òkè Rif ní Morocco, ti Kerala ní Íńdíà, ti àfonífojì Himalaya. Kì í dọ́gba: ẹ ó rí gíga, ẹ ó rí kúkúrú, ẹ ó rí èyí tó tètè gbó àti èyí tó pẹ́, nínú oko kan náà. Àìdọ́gba yẹn gan-an ni a fẹ́ tọ́jú. Àṣìṣe tí àwọn tó fẹ́ràn igbó máa ń ṣe jù ni pé wọ́n á gbin ogún hóró, wọ́n á mú ẹyọ kan tó rẹwà jù, wọ́n á ní òun ni "Malawi". Wọ́n fi ọmọ kan ṣe odidi ìdílé. Ẹ má ṣe fi àmì ' ' yí orúkọ irú ìbílẹ̀ ká nínú ìwé yín o. Ti cultivar ni àmì yẹn, ìyẹn irú tí wọ́n ti ṣà títí tó fi dọ́gba, tí kì í sì í yẹ̀ bí a bá tún un gbìn.

Ẹ̀yà mélòó ló wà? Àwọn onímọ̀ kan, bíi Karl Hillig ní 2005, ní méjì ni. Ernest Small àti Arthur Cronquist ti sọ ní 1976 pé ẹyọ kan ni, torí kírómósómù 20 ni gbogbo wọn ní, wọ́n ń gun ara wọn, ọmọ wọn sì ń bímọ. Ẹyọ kan ni ká mú u, kí iṣẹ́ lè tẹ̀ síwájú. (Láti ọwọ́ àwọn méjì yìí náà ni 0.3% THC (èròjà inú oje tó ń pa ẹni tó fà á bí ọtí) ti wá, èyí tí òfin Amẹ́ríkà 2018 fi ya igbó okùn sọ́tọ̀. Àwọn tó fa ìlà náà sọ nígbà náà pé àwọn kàn fà á ni kí ìlà ṣáà lè wà. Ẹ má fi ìlà òfin ṣe ìlà ẹ̀yà.)

Ètò tó bá páálí yín mu jù ni èyí tí John McPartland àti Ernest Small gbé jáde ní 2020, torí irú ìbílẹ̀ tó ń kú lọ gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀yà kan, Cannabis sativa. Ọmọ-ẹ̀yà méjì, subsp. sativa tí í ṣe igbó okùn, àti subsp. indica tí oje rẹ̀ ní agbára. Wọ́n wá fi ìbéèrè méjì péré ya subsp. indica sí irú (var.) mẹ́rin. Ṣé gúúsù Éṣíà ló ti wá ni, àbí àárín gbùngbùn Éṣíà? Ṣé èèyàn ló ń gbìn ín, àbí ó ń lalẹ̀ hù? Ti gúúsù tí à ń gbìn ni var. indica, ti gúúsù tó ń lalẹ̀ hù ni var. himalayensis. Ti àárín gbùngbùn tí à ń gbìn ni var. afghanica, èyí tó ń lalẹ̀ hù níbẹ̀ ni var. asperrima. (Èdè wa kò ràn wá lọ́wọ́ níbí: igbó ni ewé náà, igbó náà ni ibi tó ń hù sí.)

Bí ẹ bá gbin var. indica, á ga ju mítà 2 lọ bí àyè bá gbà á, àárín oríkèé sí oríkèé á jìn, ìka ewé á tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á sì mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ibi tí ìka ewé ti fẹ̀ jù máa ń wà láàárín tàbí nísàlẹ̀. Var. afghanica kì í sábà tó mítà 2. Ewé rẹ̀ dúdú, ìka ewé fẹ̀ débi pé wọ́n ń gun orí ara wọn, eyín etí ewé rí gbàgbà, ibi tó sì ti fẹ̀ jù wà lápá òkè, níhà ṣóńṣó. Òdòdó abo rẹ̀ máa ń ki pọ̀, oje sì máa ń hàn lára rẹ̀ kedere. Òórùn rẹ̀ náà yàtọ̀: àyẹ̀wò Hillig fi hàn pé guaiol àti eudesmol, tí wọ́n jẹ́ èròjà òórùn, máa ń pọ̀ nínú ti Afghanistan ju ti ibòmíràn lọ.

Ẹ̀rí tó lágbára jù nínú oje ni ìfiwéra THC pẹ̀lú CBD, èròjà kejì inú oje tí kì í pani bí ọtí. Nínú var. indica, THC máa ń tó ìlọ́po 7 CBD tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́pọ̀ ìgbà ó ń jù ú lọ fíìfíì. Nínú var. afghanica ti ìbílẹ̀, kì í tó 7, torí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣa igbó ní ẹyọ-ẹyọ. Gbogbo oko ni wọ́n ń kó, tí wọ́n ń gbọ̀n tí wọ́n sì ń jọ̀ fún háṣíìṣì, nítorí náà kò sí ohun tó lé CBD jáde nínú wọn. Níbi tí wọ́n ti ń wo igbó ní ẹyọ-ẹyọ fún gànjá, bíi Íńdíà, ṣíṣà yẹn ti lé CBD lọ tipẹ́. Ẹ wò ó pé ohun tó ya irú méjèèjì sọ́tọ̀ jù, ọwọ́ àgbẹ̀ ló ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí páálí.

Ìwé ìrìnnà àpò ló kọ́kọ́ wà. Ẹ lo ìlànà tí FAO (àjọ àgbáyé lórí oúnjẹ àti ọ̀gbìn) àti Bioversity (àjọ àgbáyé lórí ìtọ́jú irú ohun ọ̀gbìn) fi ń kọ ìwé irúgbìn gbogbo: orílẹ̀-èdè, abúlé, ibi tó wà lórí máàpù, gíga ilẹ̀ náà sí òkun, ọjọ́ tí wọ́n kó o, orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, iye igi tí wọ́n ká irúgbìn lára wọn, àti bóyá oko, ọjà tàbí ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ti rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ pín gbogbo àpò sí ipò mẹ́ta. Ipò kìíní ni èyí tí a mọ oko, tí a mọ ọjọ́. Ipò kejì ni èyí tí a mọ agbègbè rẹ̀ ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ọjà ló ti wá. Irúgbìn ọjà máa ń jẹ́ àpapọ̀ oko mẹ́wàá, ẹ má kà á sí ẹbí kan. Ipò kẹta ni orúkọ lásán. Bí ipò kẹta bá tó ogójì nínú 63 yín, kò gbọdọ̀ yà yín lẹ́nu.

Ọjọ́ ìkójọ ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ, Ketama yín sì ni àpẹẹrẹ rẹ̀. Igbó ìbílẹ̀ òkè Rif ni wọ́n ń pè ní beldia, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó túmọ̀ sí "ti ilẹ̀ wa". Kúkúrú ni, ó sábà máa ń ní igi kan ṣoṣo láì yẹ̀ka púpọ̀, òjò nìkan ló fi ń gbé, ó sì ń gbó kí ọ̀dá tó pa á. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni irú àjèjì kan tí wọ́n ń pè ní khardala ti wọ Rif, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn irú tí wọ́n gùn mọ́ra ní Yúróòpù tẹ̀ lé e. Àwọn yìí ń mu omi púpọ̀, ẹ̀rọ ló ń fà á fún wọn láti inú kànga, oje wọn sì pọ̀ ju ti beldia lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ fi gbà wọ́n. Nítorí náà, àpò Ketama tí wọ́n kó ní 1975 àti èyí tí wọ́n kó ní 2015 lè máà bára tan rárá. Bí kò bá sí ọjọ́ lára tiyín, kó máa jẹ́ ipò kẹta títí tí ẹ̀rí á fi dé. Mazar-i-Sharif náà nílò ìfura: láti àwọn ọdún 1970 ni irúgbìn Afghanistan ti ń rin ayé, ọ̀pọ̀ ohun tó ń jẹ́ orúkọ òkè àti ìlú ibẹ̀ ni kò mọ ibẹ̀ rí.

Lẹ́yìn ìwé, ó kan irúgbìn fúnra rẹ̀, kí ẹ tó gbin ẹyọ kan. Ẹ ka hóró 50 láti inú àpò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi kálípà wọn gígùn wọn. Ìlà tí Small àti Cronquist fà ni mìlímítà 3.8: èyí tí à ń gbìn sábà máa ń jù ú lọ, èyí tó ń lalẹ̀ hù kì í sábà tó o. Ṣùgbọ́n ẹ má fi gígùn nìkan dájọ́. Hóró tó ń lalẹ̀ hù ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó lẹ̀ mọ́ ọn, tó máa ń ṣe é ní àbàwọ́n aláwọ̀ eérú àti aláwọ̀ ilẹ̀, ìdí rẹ̀ sì gùn bí ọrùn kékeré, torí ó gbọ́dọ̀ lè já bọ́ fúnra rẹ̀. Èyí tí à ń gbìn ti pàdánù ọrùn yẹn, kì í tètè já, ó ń dúró de àgbẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fọ irúgbìn, ẹ má sì fi ọwọ́ ra á kí ẹ tó wò ó tán: awọ yẹn á ṣí, ẹ̀rí á sì bá a lọ.

Ibi méjì ni wọ́n ti ń ṣìnà níbí. Hóró tí kò gbó máa ń kéré, á funfun tàbí kó ní àwọ̀ ewé, á sì fúyẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ń lalẹ̀ hù. Ẹ wọn ìwúwo láti fi mọ̀ ọ́n, hóró 100 lẹ́ẹ̀mẹjọ, kí ẹ fi mọ ìwúwo 1000. Ìkejì ni àpò tó lábùlà. Bí ẹ bá ya gígùn hóró 50 sórí ìwé, tí ó sì kó ara rẹ̀ jọ sí òkìtì méjì dípò ẹyọ kan, wọ́n ti da nǹkan méjì pọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ pín in sí méjì, kí ẹ fún ìkọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ má ju èyíkéyìí nù.

Gbígbìn fún wíwọ̀n ló kàn, ibẹ̀ ni owó àti sùúrù ń lọ sí. Ọgbọ̀n igi ó kéré tán fún àpò kọ̀ọ̀kan, torí bí ìdajì wọn yóò jẹ́ akọ. Ẹ gbin gbogbo àpò sí ibì kan náà, ọdún kan náà, kí ẹ pa wọ́n dà nílẹ̀ kí àpò kan má baà bọ́ sí ibi ọlọ́ràá nìkan. Kí ẹ fi irú méjì tí ẹ ti mọ̀ dájú kún un gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n. Òjìji máa ń mú ewé fẹ̀, ajílẹ̀ púpọ̀ náà sì ń mú un fẹ̀. Ọ̀pọ̀ "indica" tí wọ́n rí nínú ilé gíláàsì, àìrí oòrùn tó ló fà á.

Ewé wo lẹ fẹ́ wọ̀n? Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí. Lára igi kan náà, ewé àkọ́kọ́ ní ìka kan, ó kàn á di 3, 5, 7, títí dé 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí dín kù bí òdòdó bá ti ń yọ. Lójúkojú ni ewé ń jáde nísàlẹ̀, lókè wọ́n á máa yà fún ara wọn. Ẹni tó bá ká ewé òkè lára igi kan, tó ká ewé ìsàlẹ̀ lára òmíràn, á rí "irú" méjì níbi tí ẹyọ kan wà. Ewé tó tóbi jù ní àárín igi ni kí ẹ ká, ní ọ̀sẹ̀ tí òdòdó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn. Ẹ wọn ìka àárín rẹ̀: gígùn, fífẹ̀, àti bí ibi tó ti fẹ̀ jù ṣe jìn sí ìdí rẹ̀. Ìdiwọ̀n ìkẹta yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ya afghanica sọ́tọ̀ dáadáa nígbà tí fífẹ̀ bá ń tanni. Ẹ wọn gíga igi àti àárín oríkèé náà, kí ìwé akọ àti ti abo yàtọ̀, torí akọ sábà máa ń ga ju abo lọ.

Fún oje, ẹ yẹ abo mẹ́wàá wò ó kéré tán, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ̀ wọ́n pọ̀ láti dín owó kù. Ìdí rẹ̀ nìyí: nínú oko ìbílẹ̀ kan, igi kan lè jẹ́ THC nìkan, òmíràn CBD nìkan, òmíràn àwọn méjèèjì. Tí ẹ bá lọ̀ wọ́n pọ̀, ẹ ó rí ìdọ́gba kan tí kò sí lára igi kankan, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí òótọ́. Bí láàbù yín bá ń lo HPLC, ẹ̀rọ tó ń ya èròjà oje sọ́tọ̀, THCA àti CBDA ni yóò rí, ìyẹn bí THC àti CBD ṣe wà kí iná tó kàn wọ́n. Ẹ fi 0.877 sọ wọ́n di púpọ̀ kí ẹ tó rò wọ́n pọ̀ mọ́ THC àti CBD. Ewé tó ti pẹ́ kò wúlò fún èyí: THC ń bàjẹ́ di èròjà mìíràn tí à ń pè ní CBN, ìfiwéra á sì já wálẹ̀ láìjẹ́ pé irú rẹ̀ yí padà.

Ẹ mú akọ kan àti abo mẹ́ta láti inú àpò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìwé ìròyìn tẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbẹ, kí abo kan nínú wọn ti ní irúgbìn tó gbó. Ewé gbígbẹ tí a lẹ̀ mọ́ pépà, irú èyí tó kún ilé ewé gbígbẹ ti FRIN (ilé ìwádìí ìjọba nípa igi àti igbó ẹgàn) ní Ìbàdàn, ni àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò fi mọ̀ bóyá ẹ ṣe é re. Ẹ̀rí tí Lamarck fi sílẹ̀ náà nìyẹn. Bí kò bá sí ewé gbígbẹ, a kì bá tí mọ̀ láéláé pé tẹ́ẹ́rẹ́ ni indica rẹ̀.

Nígbà tí irúgbìn bá ń lọ tán, ẹ ó ní láti gbìn ín kó lè pọ̀ sí i. Ibí yìí ni a ti ń pa irú ìbílẹ̀ jù, pẹ̀lú ọwọ́ ìfẹ́. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú akọ igbó, ó sì ń gbé e jìnnà: wọ́n ti rí ti Morocco nínú afẹ́fẹ́ Málaga ní gúúsù Sípéènì, òkun ló wà láàárín wọn. Kìlómítà 5 ni kí ẹ fi jìnnà sí igbó mìíràn ní ìta gbangba, títí kan oko igbó okùn aládùúgbò. Bí kò bá ṣeé ṣe, àpò kan ṣoṣo nínú yàrá tí a sé pa, fún sáà kan.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ iye. Ẹni tó ti bá àwọn tó ń gbìn fún òdòdó ṣiṣẹ́ á ti mọ́ lára láti fa akọ tu. Ẹ gbàgbé àṣà yẹn. Iye tó ń bímọ lóòótọ́ nínú oko kì í ṣe iye igi. Ẹ fi iye akọ sọ iye abo di púpọ̀, ẹ tún fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi àpapọ̀ akọ àti abo pín in. Akọ 50 pẹ̀lú abo 50 yóò fún yín ní 100. Ṣùgbọ́n akọ 5 pẹ̀lú abo 95, igi 100 náà ni, 19 péré ni yóò fún yín. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún oko yín ti di àwòrán lásán. Ẹ tọ́jú gbogbo akọ, kí ẹ kó iye hóró kan náà lára abo kọ̀ọ̀kan, arẹwà àti aláìrẹwà. Bí ẹ bá kàn gbọ̀n gbogbo rẹ̀ sínú garawa kan, abo mẹ́ta tó bí jù ni yóò di ìyá gbogbo wọn.

Oòrùn ń ṣà fún yín bí ẹ kò tilẹ̀ ṣà. Igbó máa ń dúró de kí òru gùn kó tó yọ òdòdó. Idukki àti Malawi sún mọ́ ìlà ìdajì ayé. Bí ẹ bá gbìn wọ́n síta ní àríwá Amẹ́ríkà, òtútù á pa wọ́n kí wọ́n tó gbó, àfi ìwọ̀nba tó yára. Ìwọ̀nba yẹn ni ẹ ó kó pamọ́, ẹ ó sì ní Malawi lẹ ní. Inú ilé ni kí ẹ gbìn wọ́n sí, pẹ̀lú iná wákàtí 12 àti òkùnkùn wákàtí 12 bí wọ́n bá ti dàgbà tó, kí ẹ sì ní sùúrù fún àwọn tó pẹ́.

Títọ́jú hóró kò le. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ ní dígírì 15 nínú yàrá tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 15%, ẹ sé wọn sínú àpò fóìlì, ẹ gbé wọn sínú firísà ní dígírì 18 lábẹ́ òdo. Ẹ má fi irúgbìn tútù sínú firísà, yìnyín á fọ́ ọ nínú. Kí ẹ tó sé àpò, ẹ dán wọn wò: 85% ló yẹ kó hù. Tí ẹ bá tún dán an wò lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tí iye tó hù já sí ìsàlẹ̀ 85% ti àkọ́kọ́, àsìkò àtigbìn ti tó.

Ó ku "Nigeria" méjèèjì. Igbó kì í ṣe ọmọ bíbí Áfíríkà. Láti gúúsù Éṣíà ló ti gba Òkun Íńdíà wọ ìlà oòrùn Áfíríkà, ohun tí a sì sábà ń sọ nípa tiwa ni pé àwọn ọmọ ogun tó ti Burma àti Íńdíà dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló mú un wọlé. Òfin 1966 wa tilẹ̀ pè é ní "Indian hemp". Nítorí náà, var. indica ni kí ẹ máa retí: gíga, ewé tẹ́ẹ́rẹ́, CBD díẹ̀. Bí ẹ bá wá rí kúkúrú eléwé fífẹ̀, irúgbìn ọjà òkèèrè ló wọ inú àpò yẹn. Lọ́nàkọnà, ipò kẹta ni wọ́n, torí orílẹ̀-èdè kan kì í ṣe oko kan. Ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé pé kó fi òmíràn ránṣẹ́. Ẹ̀wọ̀n wà nínú rẹ̀ lábẹ́ òfin NDLEA, àti pé igbó kò sí lára ohun ọ̀gbìn tí àdéhùn irúgbìn FAO ti 2001 tò sínú ètò ìpínlò rẹ̀. Àdéhùn Nagoya, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí lílo ohun alààyè tó ti orílẹ̀-èdè mìíràn wá, àti ìyọ̀ǹda orílẹ̀-èdè tó ni ín ló dè é.

Bí ẹ ó ṣe kọ ọ́ sára àpò nìyí: "Cannabis sativa subsp. indica, irú ìbílẹ̀, Idukki, Kerala, Íńdíà, ipò kejì, var. indica?" Ẹ jẹ́ kí àmì ìbéèrè yẹn wà títí tí irúgbìn, ewé àti oje yóò fi sọ ohun kan náà. Bí méjì bá gbà tí ẹ̀kẹta kọ̀, ẹ kọ èyí tó kọ̀ sílẹ̀, ẹ má pa á mọ́. Àwọn tó jẹ́ "indica" tàbí "sativa" lásán, ẹ kó wọn sínú dúróà ọ̀tọ̀, ẹ má gbìn wọ́n nítòsí àwọn yòókù, kí ẹ sì ya fọ́tò ohun tí wọ́n kọ sára wọn kí ẹ tó pààrọ̀ àpò. Ọwọ́ ìkọ̀wé àti irú pépà ti mú kí wọ́n mọ ẹni tó kó irúgbìn jọ rí, àti ọdún tó kó o.